Ọjọ́ Tí Wọ́n Mú Alága ní Ugbóọ̀pẹ

Ẹ wá ìjókòó fún mi kí n tó la ẹnu, ṣùgbọ́n àpótí ni kí ẹ gbé wá o, ẹ má gbé àga. Ohun tí àga fi ojú ọkùnrin kan rí ní agbègbè wa yìí, láyé àwọn ológun, kò jẹ́ kí n lè fi ìdí lé àga mọ́ láìwo ẹ̀yìn.

Ní ọdún 1995, ìjọba ìbílẹ̀ kan wà láàrin Ọ̀wọ̀ àti odò Ọ̀sẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọkùnrin náà ṣì wà láyé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lẹ́nu bí abẹ. Sylvanus Ọlámúyìwá ni wọ́n ń pè é. Kí àwọn ológun tó rántí rẹ̀, ibi iṣẹ́ ọba kan ló wà tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé, ó sì lu òǹtẹ̀ náà títí irun fi kúrò láàrin orí rẹ̀. Ọjọ́ tí rédíò wá pe orúkọ rẹ̀ pé òun ni alága fìdíhẹẹ́, etí rẹ̀ gbọ́ "alága" kedere. "Fìdíhẹẹ́" ni kò gbọ́. Ẹ má bá a wí. Ohun tó bá dùn ni etí ọmọ ènìyàn ń gbà wọlé.

Ẹ ó rò pé ọ̀nà ló kọ́kọ́ ṣe fún ìlú, tàbí omi. Ẹ̀yin ni ẹ rò bẹ́ẹ̀. Àga ló ṣe. Ó ní kí káfíńtà fi ìrókò gbẹ́ ẹ, kí wọ́n fi àrán pupa bò ó, kí orí kìnnìún méjì sì wà níbi tí òun yóò máa gbé ọwọ́ lé. Káfíńtà náà kò rí kìnnìún rí láyé rẹ̀, nítorí náà àwọn kìnnìún ọ̀hún jọ ewúrẹ́ tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Ibikíbi tí Alága bá ń lọ, àga ni yóò kọ́kọ́ lọ. Wọn a fi okùn dè é sẹ́yìn ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù, wọn a ta agboòrùn lé e lórí. Nígbà tí ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà lọ́jọ́ Sunday, Fádà béèrè pé kí ni èyí. Alága ní kí Fádà fi sùúrù bá ìjọba lò.

Lẹ́yìn àga, ó ṣòfin ìkíni. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ pàdé rẹ̀ kó sọ pé "ẹ káàárọ̀" lásán. Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ ké pé, "Alága!" Òun náà a wá na ọrùn sókè, a ní, "Ó jókòó, kò yẹ̀!" Ohun tí a ń gbọ́ nìyẹn láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ń dá a lóhùn ní pópó, ó ń dá a lóhùn ní ọ́fíìsì, bí ọmọdé bá sì dúró lẹ́yìn balùwẹ̀ tó ké "Alága!" tó sá lọ, yóò dá a lóhùn látinú ọṣẹ.

Monica, ìyàwó rẹ̀, nìkan ni kò kí i bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Fúnmiọlá," ló wí fún un lọ́jọ́ kan tó ń bu ọbẹ̀ fún un, "ẹ rọra o. Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

"Èmi kò gẹṣin," ni Alága wí. "Àga ni mo jókòó lé."

Monica wò ó, ó mi orí, ó sì fi ẹran kan kún ọbẹ̀ náà, bí ẹni ń ṣàánú aláìsàn.

Síbẹ̀, ohun kan ń jẹ ọkùnrin yìí lọ́kàn. "Fìdíhẹẹ́" tí etí rẹ̀ kò gbọ́ lọ́jọ́ kìíní ti wá ń dún sí i létí lójoojúmọ́. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé ni pé kí àwọn ọ̀gá ológun ní olú-ìlú yọ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kúrò, kí àga di tirẹ̀ pátápátá. Nítorí ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo nǹkan tí ẹ ó gbọ́ fi ṣẹlẹ̀.

Ìletò kan wà kọjá Ìdáṣẹn tí ń jẹ́ Ugbóọ̀pẹ. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ì bá pè é ní Igbóọ̀pẹ, ṣùgbọ́n àwa ní ahọ́n tiwa. Ìjọba ayé ọjọ́un sé odò kan níbẹ̀, wọ́n pè é ní dáàmù. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ní yóò ti ibẹ̀ jáde, a ṣì ń retí rẹ̀, ṣùgbọ́n epìyà kún inú dáàmù náà bí èèrà. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń dẹ àwọ̀n, àwọn obìnrin ń yan ẹja, wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà Ọ̀wọ̀. Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá Múrítàlá, ni olórí àwọn obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Epìyà ló fi ń rán Múrítàlá lọ sí ilé-ìwé, epìyà ló fi kan páànù sórí ilé. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, èéfín ìyanja yóò ti pàdé yín lọ́nà kí ẹ tó rí ènìyàn.

Ọ̀gá sójà kan ń bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ó yà ní Ugbóọ̀pẹ. Àbẹ̀ẹ́bí fi epìyà yíyan ṣe é lálejò. Ọ̀gá sójà jẹ ẹ́, ó lá ìka, ó rẹ́rìn-ín.

"Alága," ló wí, "ẹja yín mà kéré o! Ṣé ọmọ ẹja lẹ ń jẹ níbí ni?"

Àwàdà ni. Ọkùnrin náà tilẹ̀ ní kí wọ́n di díẹ̀ fún òun lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún Sylvanus Ọlámúyìwá pé àwàdà ni! Láti Ugbóọ̀pẹ dé ilé, ohun kan ṣoṣo ló ń kùn sínú: Ẹja kékeré! Ta ni yóò yọ "fìdíhẹẹ́" kúrò lórí ẹni tí ẹja rẹ̀ kéré?

Ní ọjọ́ kejì, ó pe ìpàdé. Boniface Láníyì, akọ̀wé rẹ̀, ló jókòó sí ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin yìí hàn yín dáadáa, nítorí ẹ ó tún rí i níwájú. Bí Alága bá sín, Boniface ni òtútù ń mú. Bí Alága bá sọ lọ́jọ́ Sunday pé Tuesday ni òní, Boniface a bá àwọn ará ilé rẹ̀ jà pé èé ṣe tí wọ́n fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Alága wí, "ìtìjú ńlá ti bá ìjọba yìí. Ìjọba tó tóbi, alága tó tóbi, àga tó tóbi, ẹja tó wá rí bí èékánná!"

"Ìtìjú gbáà ni, sà!" ni Boniface wí, ó sì fi áńkáṣífù nu ojú tí kò lómi.

"Ẹja wo ló tóbi jù lọ nínú omi Nàìjíríà?"

"Mo gbọ́ pé ẹja kan wà ní Kàíńjì, sà. Àwọn Hausa ń pè é ní gíwán rúwá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni erin inú omi."

Alága dìde lórí àga. Kì í sábà dìde. "Erin!" ló wí. "Ẹ lọ mú un wá."

Báyìí ni Ṣéhù, apẹja kan láti Kàíńjì, ṣe kó ọmọ gíwán rúwá sínú àgbá omi tó gbé wọn dé Ugbóọ̀pẹ. Ọmọlúàbí ni Ṣéhù. Ó wo dáàmù náà yíká, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́.

"Ọ̀gá," ló fi Yorùbá rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ sọ, "ẹja yìí, ẹja ni oúnjẹ rẹ̀ o. Omi ti wa fẹ̀, ẹja kékeré rí ibi sá sí. Omi yín yìí kò fẹ̀. Ẹ má ṣe é."

"Ṣéhù, ẹja lo wá tà ni tàbí ìmọ̀ràn?"

Àbẹ̀ẹ́bí náà kúnlẹ̀. "Alága, ẹ dákun, ẹ bá wa bi ẹja yìí ohun tí yóò máa jẹ."

"Ìyá Múrí," ni Alága wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, "ṣé wọ́n máa ń bi ọba léèrè ohun tí yóò jẹ?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Boniface ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹja lórúkọ rí? Èmi rí i. Wọ́n gbé àga kalẹ̀ létí omi. Wọ́n gbé oyin wá, wọ́n gbé iyọ̀ wá, wọ́n gbé obì àti atare wá. Alága sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí. Ó ní bí òun ṣe rí láàrin àwọn alága ni ẹja yìí rí láàrin ẹja. Ó ní láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, omi Ugbóọ̀pẹ ti ń sunkún, ẹni tí yóò nù ún lójú ló ń wá. Bí omi ṣe ń sunkún, tí wọ́n ń nù ún lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Lẹ́yìn náà wọ́n da oyin sínú dáàmù kí ayé ẹja lè dùn, wọ́n da iyọ̀ sí i. Ẹja ò dúpẹ́.

Boniface wá bọ́ síwájú. "Ǹjẹ́ ó yẹ kí erin wọ omi wa kó má jẹ́ orúkọ erin wa? Ẹ̀yin ará, láti òní lọ, ALÁGA ni ẹja yìí ń jẹ́!"

Omijé bọ́ lójú Sylvanus, omijé gidi. Lójú ẹsẹ̀ ló ti ṣe é lófin: ẹnikẹ́ni tó bá pe ẹja náà ní orúkọ mìíràn yóò san ewúrẹ́ kan. Kàsúmù, apẹja àgbà ní Ugbóọ̀pẹ, ló kọ́kọ́ ṣìnà, tó pè é ní "ẹja Hausa yẹn." Wọ́n mú ewúrẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ṣìnà mọ́. Sylvanus tilẹ̀ kọ létà sí olú-ìlú, ó sì sọ ọ́ lórí rédíò, pé Alága ti wọ omi. Inú rẹ̀ dùn pé láti Ìmẹ̀rí dé Ìyẹrè, kò sí ẹni tí kò mọ Alága.

Ọdún Ìgogo kan kọjá, òmíràn ń bọ̀. Ẹja dàgbà. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹni tó ń jẹun tí kò ṣiṣẹ́ ṣe máa ń dàgbà. Àwọn apẹja ju àwọ̀n, wọ́n fà á sókè, koríko ni. Wọ́n dẹ ìgèrè, ìgèrè ṣófo. Èéfín tí í pàdé ènìyàn lọ́nà kò pàdé ẹnikẹ́ni mọ́.

Àbẹ̀ẹ́bí fi ìborùn rẹ̀ bo orí, ó wọkọ̀, ó lọ bá Alága ní ọ́fíìsì.

"Alága!"

"Ó jókòó, kò yẹ̀!"

"Alága, ẹ gbà wá. Alága ti fẹ́ pa wá tán."

Boniface wúkọ́. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yí ojú sí ògiri.

"Alága ti jẹ gbogbo ọmọ kéékèèké inú omi wa," ni Àbẹ̀ẹ́bí ń wí lọ. "Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ojú kì í tì í. Ohun tó bá ti kéré sí i, inú rẹ̀ ló ń lọ. Kò yó, kò sì ní yó láéláé. Láti ọjọ́ tó ti dé, kí ló ṣe fún wa? Ó ń jẹ, ó ń sanra, ó ń yí ìrù kiri."

Alága di àwọn kìnnìún rẹ̀ mú. "Ìyá Múrí! Èwo lò ń bú nínú wa?"

"Tinú omi ni, sà," ni obìnrin náà wí. "Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo bá wá lónìí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọlọ́pàá, ó sáré jáde. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ẹ́bí kò rẹ́rìn-ín. "Iná ìyanja mi ti kú, Alága. Mo mú Múrítàlá kúrò ní ilé-ìwé, ó ń bá wọn ru búlọ́ọ̀kù ní Ọ̀wọ̀. Ọmọ tó mọ̀wé! Ó dùn mí. Ó dùn mí dé egungun."

Mo fẹ́ sọ fún yín pé àánú ṣe Alága. Mo fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́. Ohun tó ń rò ni pé bí obìnrin yìí bá lọ ń sọ ní ọjà pé Alága ń jẹ àwọn mẹ̀kúnnù, ẹni tí yóò gbọ́ kò ní béèrè pé ti inú omi ni tàbí ti orí àga. Bí Àbẹ̀ẹ́bí ti jáde, ó ké sí Boniface.

"Ẹ yí orúkọ ẹja yẹn padà."

"Há, sà! Oyin ti wọ omi. A kì í sọ ọmọ lórúkọ tán ká tún lọ gba oyin padà."

"Ẹ máa pè é ní Akọ̀wé."

Boniface dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi kẹ̀, sà? Èmi, ta ni mí tí erin yóò fi jẹ́ orúkọ mi? Ẹ má jẹ́ kí n gbéraga, sà. Ẹ dákun, mo bẹ̀ yín." Ẹ̀rù ìgbéraga bà á débi pé ó ń làágùn. Orúkọ náà dúró bó ṣe wà.

Nígbà náà ni ìròyìn dé láti olú-ìlú pé ọ̀gá sójà ọjọ́sí ń padà bọ̀. Yóò wo iṣẹ́ gbogbo àwọn alága fìdíhẹẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, wọn yóò yọ "fìdíhẹẹ́" lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá dára, wọn yóò yọ òun fúnra rẹ̀. Orí Sylvanus gbé ọgbọ́n kan wá: kí wọ́n mú èyí tó tóbi jù nínú ẹja náà, kí ọ̀gá sójà fi ojú ara rẹ̀ rí ẹja tí kò kéré. Kí wọ́n wá pa àwọn yòókù, kí ẹnu Àbẹ̀ẹ́bí lè sinmi. Ẹ ò rí i? Òkúta kan, ẹyẹ púpọ̀. Ó rán alágogo jáde.

"Gbogbo ìlú, ẹ gbọ́ o!" ni alágogo ń ké. "Alága ní kí ẹ jáde lọ́la, kí ẹ wá pa Alága! Ẹni tó bá pa Alága, Alága yóò dá a lọ́lá!"

Àwọn ènìyàn ní kó tún un wí. Ó tún un wí. Wọ́n tún ní kó wí i lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó dùn létí. N kò tí ì rí òfin ìjọba tí ìlú gbà tayọ̀tayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àwọn tí kò mọ ìwọ̀ yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ ti kún etí omi. Awakọ̀ wá, tísà wá, àwọn àgbẹ̀ ti Ìmẹ̀rí wá pẹ̀lú àdá. Ọkùnrin arọ kan ní kí wọ́n gbé òun wá, ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé ọjọ́ tí wọ́n ń pa Alága, òun kò sí níbẹ̀.

Alága fúnra rẹ̀ jókòó létí omi lórí àga, lábẹ́ agboòrùn. Kàsúmù fi àrọ̀ kékeré tó wà láàyè kọ́ ìwọ̀ ńlá, ó jù ú sí ibi tí omi jìn. Kò pẹ́, okùn le. Kàsúmù pariwo, àwọn ọkùnrin so mọ́ ọn lẹ́yìn, omi ń rú bí ọbẹ̀ tó ń hó.

"Alága ti kó sọ́wọ́!" ni ìlú ké.

"Ó jókòó, kò yẹ̀!" ni Sylvanus dáhùn. Ẹnu rẹ̀ kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

"Ẹ fa Alága!"

"Ó jókòó, kò yẹ̀!"

"Ẹ fún Alága ní kùmọ̀ lórí!"

"Ó jókòó..." ló wí, ó sì fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀.

Wọ́n fà á dé ilẹ̀. Ẹja náà gùn bí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé, ikùn rẹ̀ tóbi bí ìkòkò aró. Kàsúmù fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀, ohun tó bọ́ jáde mú kí ariwo dákẹ́: Alága mìíràn, kékeré, tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán.

"Ẹ wò ó," ni Àbẹ̀ẹ́bí wí, "Alága mìíràn ti ń bẹ nínú Alága."

N kò mọ ìdí tí ojú àwọn kan fi lọ sára Boniface.

Inú Sylvanus dùn ju ti gbogbo wọn lọ. Ó fẹ́ kí ọ̀gá sójà gbọ́ kíá, kó má lọ yà ní ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bá olú-ìlú sọ̀rọ̀ wà ní àgọ́ wọn. Ó ní kí Boniface lọ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un láti ẹnu ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe ọfọ̀:

"A ti mú Alága. A ti la ikùn rẹ̀. Alága mìíràn wà nínú rẹ̀. Ìlú ń yọ̀. Ẹ tètè máa bọ̀."

Boniface gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Sà, ṣé kí n fi 'ẹja' sí i? Kí n ní 'ẹja Alága'?"

"Ẹja kẹ̀? Ṣé o fẹ́ san ewúrẹ́ ni? Ta ni kò mọ Alága ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí?"

"Òótọ́ ni, sà," ni Boniface wí. "Ta ni kò mọ̀ ọ́n?" Ó ká ìwé náà, ó lọ. N kò sọ pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò tún bi í léèrè mọ́.

Alága lọ sílé láti lọ wẹ̀, kó wọ léèsì. Ní Ugbóọ̀pẹ, wọ́n dáná, ìkòkò ń hó. Àfi bí ọkọ̀ sójà ṣe já wọ abúlé, tí àwọn ológun bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn.

"Níbo ni Alága wà?" ni olórí wọn jágbe.

Àbẹ̀ẹ́bí ń bu ọbẹ̀. "Ẹ mà pẹ́ o, ọmọ mi. Kàsúmù ti jẹ orí rẹ̀. Ìrù ló kù, ẹ jẹ́ kí n bù ú fún yín."

Ọmọ sójà kan bì. Àfìgbà tí wọ́n fi egungun ẹja náà hàn wọ́n, tí wọ́n ṣe àlàyé ewúrẹ́ Kàsúmù àti oyin inú omi, ni wọ́n tó ju ara sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìbọn kalẹ̀, wọ́n gbé abọ́.

Sylvanus ti wọ léèsì tán nílé, ó ń retí ọ̀gá sójà. Àwọn sójà kò tí ì padà dé olú-ìlú nígbà tí Monica tan rédíò fún ìròyìn ìrọ̀lẹ́.

"Ìjọba ológun," ni rédíò wí, "kẹ́dùn ikú Alága Sylvanus Ọlámúyìwá, tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ mú, tí wọ́n sì la ikùn rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, Ọ̀gbẹ́ni Boniface Láníyì ni alága."

Rédíò kò tilẹ̀ pe "fìdíhẹẹ́" mọ́ ọn.

Kí Sylvanus tó lè pa ẹnu dé, àwọn aládùúgbò ti ń wọlé pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n bá òkú tó wọ léèsì. "Ẹ jókòó," ni Monica wí fún wọn. "Ẹ má sunkún kó pọ̀ jù, kò tí ì jẹun."

Ní òwúrọ̀, Sylvanus gba olú-ìlú lọ, ó ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó dúró níwájú ọ̀gá sójà, ó ń lu àyà ara rẹ̀ pé òun nìyí, òun ò kú, ẹja ni. Ọ̀gá sójà gbọ́ ọ dópin. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ròyìn fún un, ó ti rẹ́rìn-ín tán láti àná.

"Mo ti gbọ́ pé o ò kú," ló wí. "Mo bá ọ yọ̀. Ta ló sọ pé ká má kọ 'ẹja' sínú iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Èmi ni, sà."

"Àṣẹ ológun kì í fi ẹ̀yìn rìn. Bó bá tilẹ̀ ń fi ẹ̀yìn rìn, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. 'A ti la ikùn Alága, ìlú ń yọ̀.' Láti alẹ́ àná tí rédíò ti kéde ikú rẹ, kò sí ẹnì kan láti ìlú yín tó wá bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni. Kò sí ẹnì kan! Ọ̀gbẹ́ni, alága tó kú tí ìlú ń jẹ̀bà, ṣé kí n jí i dìde fún wọn?"

Sylvanus yíjú sí ọ̀nà ilé.

Nígbà tó délé, Boniface ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò kan ilẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. "Ẹ máa bínú, bọ̀ọ̀dá," ló wí. "Àga yìí, ti ìjọba ni." Wọ́n fi okùn dè é sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ta agboòrùn lé e. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí jáde, àwọn tó wà ní pópó ké pé, "Alága!" Ohùn Boniface jáde láti inú ọkọ̀, ó dùn bí ohùn ẹni tó ti ń fi í dánra wò tipẹ́: "Ó jókòó, kò yẹ̀!"

Monica gbé àpótí ìdáná rẹ̀ wá, ó fi gèlè nu eruku orí rẹ̀. "Ẹ jókòó, Bàbá Fúnmiọlá."

Ó jókòó. Àpótí náà sì gbà á.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń kí Sylvanus ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Monica rán an lọ ra ẹja ní ọjà Ọ̀wọ̀. Bó ṣe ń yọjú sí ẹ̀ka àwọn ẹlẹ́ja, ohùn obìnrin kan ta gbọ̀ngbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀:

"Alága!"

Ọrùn rẹ̀ nà sókè. Àyà rẹ̀ yọ síta. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ké e tí gbogbo ọjà gbọ́: "Ó jókòó, kò yẹ̀!"

Ó yíjú padà, ó rí Àbẹ̀ẹ́bí tó jókòó nídìí ọpọ́n ẹja ńlá tí wọ́n gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ tí wọ́n yan.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni Àbẹ̀ẹ́bí rọra wí. "Ọjà mi ni mò ń polówó. Alága yíyan. Èló ni kí n bù fún yín?"

Sylvanus wo ilẹ̀. "Màmá Fúnmiọlá ní epìyà ni kí n rà."

"Epìyà kẹ̀?" Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó fa ewé bo ọpọ́n rẹ̀ nítorí eṣinṣin. "Alága ti jẹ ẹ́ tán, bàbá."